Ìlà tí N Kò Fẹsẹ̀ Tẹ̀ Mọ́

Ibú pápá tí àwọn ará Amẹ́ríkà fi ń gbá bọ́ọ̀lù tiwọn fi díẹ̀ lé ní yáàdì 53. Ní gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun, bí ìgbáradì bá ti fẹ́ parí, a máa ń sáré la ibú yìí já ní ìgbà mẹ́rin láìdúró: a ó lọ, a ó bọ̀, a ó tún lọ, a ó tún bọ̀. Òfin kan ṣoṣo ni akọ́nimọ̀ọ́gbá wa fi lélẹ̀ nípa eré sísá yìí, òun náà ni pé ẹsẹ̀ ẹni gbọ́dọ̀ tẹ ìlà funfun tó wà létí pápá kí ènìyàn tó yí padà. Ọdún mẹ́rin gbáko ni mo fi sá eré yìí tí n kò fo ìlà náà rí. Ní ọdún karùn-ún, tí í ṣe ọdún àṣekágbá mi, mo bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà nígbà tí ó bá ku ìṣísẹ̀ kan. N kò mọ̀ pé mo ń ṣe é títí di ọjọ́ tí wọ́n fi ẹsẹ̀ ara mi hàn mí nínú fídíò.

Kí n tó lọ jìnnà, ó yẹ kí n ṣàlàyé bí bọ́ọ̀lù ṣe ń sọ ọdún mẹ́rin di márùn-ún. Àjọ NCAA, tí ń ṣe kòkáárí eré ìdárayá àwọn yunifásítì ilẹ̀ Amẹ́ríkà, fàyè gba agbábọ́ọ̀lù nígbà tèmi láti gbá sáà mẹ́rin láàárín ọdún márùn-ún. Nítorí náà, ọ̀pọ̀ akọ́nimọ̀ọ́gbá a máa fi ọmọ tuntun pamọ́ ní ọdún kìn-ín-ní, kí egungun rẹ̀ lè gbó díẹ̀ kí wọ́n tó jù ú sáàárín àwọn géńdé. Redshirt ni wọ́n ń pe ọdún bẹ́ẹ̀. Bí mo ṣe lo 2009 nìyẹn. Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì ní 2010, mo wọ inú àwọn mọ́kànlá tí ń kọ́kọ́ jáde ní 2011, mo wà níbẹ̀ ní 2012, nígbà tí ó sì di 2013, wọ́n ti fi mí ṣe ọ̀kan nínú àwọn balógun ẹgbẹ́.

Ọmọ ọdún méjìlá ni mí nígbà tí a kúrò ní Mọ́kọ́lá ní Ìbàdàn wá sí Houston. Ní Mọ́kọ́lá, ẹsẹ̀ ni a fi ń gbá bọ́ọ̀lù, èmi sì kúndùn rẹ̀ ju bí mo ṣe mọ̀ ọ́n gbá lọ, nítorí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe máa ń ní kí n lọ ṣọ́ ilé. Ní Houston, akọ́nimọ̀ọ́gbá ilé-ẹ̀kọ́ girama wa rí mi níbi tí a ti ń jẹun ọ̀sán, ó wo èjìká mi, ó sì béèrè bóyá mo ti dé akoto rí. Bàbá mi kò gba eré náà sí eré. Ó ní bọ́ọ̀lù wo ni wọ́n ń gbé mọ́ àyà sá lọ bí ẹni tó jí adìyẹ gbé. Ìyá mi kò sọ nǹkan kan. Nọ́ọ̀sì ni, iṣẹ́ òru ló sì ń ṣe, ohun tó kàn án kò ju pé kí n wà níbi tí àgbàlagbà kan ti ń wò mí títí yóò fi jí ní ìrọ̀lẹ́.

Left guard ni ipò mi, ọ̀kan nínú àwọn márùn-ún tí ń to ara wọn sí iwájú kọ́tàbáàkì, ẹni tí ń ju bọ́ọ̀lù, láti dènà àwọn tó fẹ́ wó o mọ́lẹ̀. A kì í fọwọ́ kan bọ́ọ̀lù. Bí a bá ṣe iṣẹ́ wa dáadáa, kò sẹ́ni tí yóò dárúkọ wa. Orúkọ wa kì í jáde láti ẹnu agbohùngbohùn pápá àfi tí a bá ṣẹ̀. Mo dé yunifásítì yẹn, ọ̀kan tí kò tóbi ní ìpínlẹ̀ Texas, gẹ́gẹ́ bí ẹni tó wá fúnra rẹ̀, tí ilé-ẹ̀kọ́ kò ná kọ́bọ̀ lé lórí. Ìyá mi ló ń san owó náà. Ó gba iṣẹ́ kejì ní ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ní ọjọ́ Sátidé àti Sọ́ńdè, èyí tó túmọ̀ sí pé láàárín ọdún méjì àkọ́kọ́, kò rí ìdíje mi kan ṣoṣo wò. Nígbà tí wọ́n pè mí sí ọ́fíìsì ní oṣù Ògún 2011, tí wọ́n ní láti ọjọ́ náà lọ, ilé-ẹ̀kọ́ ni yóò máa san gbogbo rẹ̀, mo jáde síta, mo tẹ ìyá mi láago, n kò sì lè sọ̀rọ̀. Ó rò pé mo ti ṣẹ́ lẹ́sẹ̀.

Mo sọ èyí kí ẹ lè mọ ohun tí ń lé mi. Ìbẹ̀rù ni, ìfẹ́ eré náà sì tẹ̀lé e. Mo máa ń tẹ ìlà nítorí pé ní ìgbà kọ̀ọ̀kan tí mo bá tẹ̀ ẹ́, ó dà bí ẹni pé mo gba wákàtí kan kúrò lọ́rùn ìyá mi. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó di ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn 2013, ìyá mi ti fi iṣẹ́ kejì sílẹ̀, ipò mi dájú, orúkọ mi wà lára ògiri gẹ́gẹ́ bí balógun, àwọn ọmọ tuntun sì ń dìde fún mi ní ilé oúnjẹ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ní kí wọ́n dìde. Mo wẹ̀yìn, n kò rí ohunkóhun tó ń lé mi mọ́.

Àwọn tó ń wo bọ́ọ̀lù láti orí àga máa ń rò pé àgbà agbábọ́ọ̀lù tó dẹra nù ti ya ọ̀lẹ. Ohun tí mo rí lára ara mi kò jọ bẹ́ẹ̀ rárá. Èmi ni mo kọ́kọ́ ń dé yàrá irin láàárọ̀, irin tí mo ń gbé ní ọdún yẹn ló wúwo jù nínú gbogbo ọdún tí mo lò níbẹ̀, ohùn mi ló sì máa ń ròkè jù tí a bá ti kó ara wa jọ kí a tó jáde. Gbogbo ohun tí ojú ń rí ni mo ṣe. Èyí tí mo fi sílẹ̀ ni àwọn nǹkan kéékèèké tí ẹnikẹ́ni kì í kà: ìṣísẹ̀ tó kù kí n dé ìlà, àti ogún ìṣẹ́jú tí mo máa ń fi wo fídíò alátakò kí n tó sùn. Ní 2011, mo mọ ẹsẹ̀ tí gbogbo ẹni tí yóò dojú kọ mí máa ń kọ́kọ́ gbé. Ní 2013, mo máa ń pa kọ̀ǹpútà dé lẹ́yìn ìṣẹ́jú márùn-ún, pé mo ti bá àwọn wọ̀nyí pàdé lẹ́ẹ̀mejì, kí ló tún kù tí n kò mọ̀. N kò rò ó pé agbábọ́ọ̀lù yunifásítì kì í dúró ju ọdún díẹ̀ lọ. Aṣọ tí mo mọ̀ náà ni wọ́n wọ̀, ẹni tó wà nínú aṣọ ti yí padà.

A jẹ́ àgbà mẹ́rin ní orí ìlà wa ní ọdún yẹn, kò sì sí ẹni tí tirẹ̀ jọ ti ẹnì kejì. Ọ̀kan ti ní iṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ ìṣirò owó kan ní Dallas láti oṣù Kìn-ín-ní tó ń bọ̀. Ara rẹ̀ ló wà lọ́dọ̀ wa, ọkàn rẹ̀ ti ń wá ilé tí yóò gbé. Ọ̀kan gbà pé NFL, ìdíje àwọn tí ń gbá bọ́ọ̀lù yìí jẹun, yóò mú òun, ó sì ń tọ́jú orúnkún rẹ̀ bí ẹyin. Àjọ NCAA fúnra rẹ̀ ti ṣírò rẹ̀ pé nínú ọgọ́rùn-ún agbábọ́ọ̀lù yunifásítì tí ó bá tó àkókò fún láti lọ, àwọn tí ẹgbẹ́ aláfowógbá ń mú kò pé méjì, ṣùgbọ́n ta ni yóò sọ fún ọmọ ọdún 22 pé òun kọ́ ni ọ̀kan nínú wọn? N kò dá a lẹ́bi. Ní oṣù Kejìlá 2016, nígbà tí Leonard Fournette àti Christian McCaffrey, gbajúmọ̀ agbábọ́ọ̀lù yunifásítì méjì, sọ pé àwọn kò ní gbá ìdíje àṣekágbá tí wọ́n ń pè ní bowl, kí àwọn lè ṣọ́ ara fún NFL, ariwo ta. Ohun tí àwọn tó ń pariwo gbàgbé ni pé ní ọjọ́ kìn-ín-ní ọdún yẹn kan náà, Jaylon Smith ti yunifásítì Notre Dame fi orúnkún rẹ̀ ṣòfò nínú irú ìdíje bẹ́ẹ̀. Àwọn mìíràn ń pe ìṣirò ní ìdẹra. Ẹni kẹta nínú wa kò dẹra rárá, n kò sì rí ìdí rẹ̀ títí di òní. Ẹni kẹrin ni èmi, tí ó rò pé òun ti débi tí òun ń lọ.

Ìdíje kẹta la fi rí i. Àwọn tí a bá pàdé lọ́jọ́ náà, a ti fi àmì 31 nà wọ́n ní 2012. Ní ọjọ́ yìí, ó ku ìṣẹ́jú mẹ́rin, àwa ni a wà níwájú pẹ̀lú 20 sí 17, bọ́ọ̀lù sì wà lọ́wọ́ wa. Kí a kàn fi àkókò ṣòfò ló kù. Àwọn méjì lára wọn pààrọ̀ ọ̀nà: ẹni tó dúró níwájú mi já sí apá ọ̀tún, ẹnì kejì gba ẹ̀yìn rẹ̀ wọlé. Ó yẹ kí n fi ẹni àkọ́kọ́ lé ẹnì kejì mi lọ́wọ́, kí n dúró de ẹni tó ń bọ̀. Mo tẹ̀ lé ẹni àkọ́kọ́ bí àgùntàn. Mo gbọ́ ìró rẹ̀ kí n tó rí i, bí ìgbà tí àpò ìrẹsì bá já bọ́ láti orí ọkọ̀. Bọ́ọ̀lù bọ́ lọ́wọ́ kọ́tàbáàkì wa, wọ́n gbé e, wọ́n gbé e sá dé òpin pápá wa, a pàdánù pẹ̀lú 24 sí 20. Ọgbọ́n tí wọ́n lò yẹn wà nínú fídíò wọn ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú. Ọmọ kan tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ọdún redshirt rẹ̀ ti ya àwòrán rẹ̀ sínú ìwé kékeré kan, pẹ̀lú ọfà.

Ní ọjọ́ Ajé, akọ́nimọ̀ọ́gbá àwọn adènà, ọkùnrin arúgbó kan tí kì í pariwo, pa iná yàrá. A rò pé ibi tí mo ti ṣẹ̀ ni yóò fi hàn. Kò fi hàn. Eré ọjọ́ Ìṣẹ́gun ló gbé síta, èyí tí kámẹ́rà orí òpó pápá gbà láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rán an níṣẹ́. Ó dá àwòrán náà dúró. Bàtà mi wà lókè, ìka ẹsẹ̀ mi ti yí padà sí ibi tí mo ti wá, ìlà funfun sì wà níwájú rẹ̀ ní nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà kan. Ó fi iná pupa kékeré ọwọ́ rẹ̀ yí bàtà náà ká. Lẹ́yìn náà ni ó gbé iná náà sí bàtà ọmọ tó wà ní ẹ̀gbẹ́ mi, lẹ́yìn rẹ̀ sí ti ẹni tó tẹ̀ lé e, títí ó fi kan ẹni karùn-ún. Kò sí èyí tó tẹ ìlà nínú wọn. Ó béèrè pé, "Ta ló kọ́ wọn?" Kò sì dúró gba èsì. Ó tan iná, ó ní ká lọ wọ bàtà wa.

Àìtẹ ìlà tèmi kò dùn mí tó bẹ́ẹ̀. Mo lè wá àwáwí fún un. Bàtà àwọn ọmọ mẹ́rin yẹn ni kò jẹ́ kí n sùn. Àwọn ọmọ yìí kò tíì ní ohun tí mo ní. Wọn kò tíì dé ibì kankan tí wọn yóò fi sinmi, síbẹ̀ wọ́n ti kọ́ ìsinmi lọ́dọ̀ mi.

Ní ọjọ́rú, wọ́n lẹ orúkọ mọ́ ògiri, tèmi sì wà ní ìsàlẹ̀ ti ọmọ oníwèé kékeré. Mo tẹ ìyá mi láago nígbà tí ó ń múra iṣẹ́ òru.

"Wọ́n lé ẹ ni?"

"Rárá, mà."

"Wọ́n ní ká máa san owó ilé-ẹ̀kọ́ padà ni?"

"Rárá, mà. Wọ́n fi ọmọ kékeré kan síwájú mi ni."

Ó dákẹ́ díẹ̀, mo ń gbọ́ bí ó ti ń wá kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ nínú àpò rẹ̀. Ó ní, "Adìyẹ funfun kò mọ ara rẹ̀ lágbà. Ṣé ìwọ mọ̀ pé àgbà ni ẹ́ níbẹ̀? Lọ fi ohun tó o mọ̀ han ọmọ ọlọ́mọ, mo ti pẹ́." Ó pa fóònù.

Ó máa ń wù mí kí n sọ pé mo gbọ́ràn lọ́jọ́ náà. Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi bínú. Mo ń retí kí ọmọ náà ṣubú, mo sì máa ń wo ẹsẹ̀ rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ pápá pẹ̀lú ọkàn burúkú. Òun ló wá kan ilẹ̀kùn mi ní alẹ́ ọjọ́ kan, tòun ti ìwé rẹ̀, ó ní báwo ni mo ṣe ń mọ̀ pé ẹni tó wà níwájú mi fẹ́ sáré tààrà tàbí ó fẹ́ yí. Mo la ẹnu, ọ̀rọ̀ kò jáde. Mo mọ̀ ọ́n; ara mi mọ̀ ọ́n; ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tí mo ti ń ṣe é láìwò ó, n kò sì lè sọ bí mo ṣe ń ṣe é. Mo ní kí ó jókòó, a gbé kọ̀ǹpútà. Ìwọ̀n wákàtí kan kọjá kí n tó rí ohun tí mo ń wá: ìka ọwọ́ ni. Bí ẹni náà bá bẹ̀rẹ̀ tó fi ọwọ́ kan ilẹ̀, tí ìka rẹ̀ sì le, tí oríkèé rẹ̀ ń funfun, gbogbo ìwúwo rẹ̀ ti wà níwájú, tààrà ni yóò bọ̀. Bí ìka náà bá kàn fara kan ilẹ̀, ó fẹ́ yà síbòmíràn tàbí kí ó padà sẹ́yìn. Ọmọ náà kọ ọ́ sílẹ̀. Èmi náà, nígbà tí ó lọ tán, mo tún padà sí fídíò náà, mo sì wò ó di aago kan òru, ohun tí n kò ṣe láti ọdún méjì.

N kò gba ipò mi padà nípa akin. Ọmọ náà fi ẹsẹ̀ rọ́ ní ìdíje kẹsàn-án, mo wọlé, mo gbá a dáadáa. Nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ san, akọ́nimọ̀ọ́gbá ń fi wá pààrọ̀ ara wa. Ní ọjọ́ tí wọ́n ń dágbére fún àwọn àgbà, tí òbí máa ń bá ọmọ rẹ̀ rìn wọ àárín pápá, bàbá mi wọ agbádá funfun tó ń fẹ́ lẹ́lẹ́, àwọn ènìyàn sì pàtẹ́wọ́ fún un ju èmi lọ. Nígbà tí eré bẹ̀rẹ̀ tí wọ́n kọ́kọ́ mú ọmọ náà wọlé, ó bi ìyá mi pé ta ni yẹn tí ó ń gbá sí ipò ọmọ wa. Ìyá mi ní ọmọ iṣẹ́ mi ni.

Mo ti ń ro ọ̀rọ̀ yìí láti ìgbà náà, nítorí pé iṣẹ́ tí mo ń ṣe báyìí ni: olùkọ́ ìṣirò ni mí ní ilé-ẹ̀kọ́ girama kan ní Houston, mo sì ń kọ́ àwọn adènà wọn. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni mí nígbà tí Appalachian State, yunifásítì kékeré kan, lọ fi 34 sí 32 na yunifásítì Michigan nínú ilé wọn ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kẹsàn-án 2007, níwájú ènìyàn tó ju 100,000 lọ. Michigan ló wà ní ipò karùn-ún ní gbogbo orílẹ̀-èdè. Mẹ́ta nínú àwọn àgbà wọn, Chad Henne, Mike Hart àti Jake Long, lè ti lọ sí NFL, wọ́n sì padà wá lo ọdún àṣekágbá wọn. Èmi àti àwọn ẹgbẹ́ mi pariwo nínú pálọ̀ ọ̀rẹ́ wa pé ìgbéraga ló pa wọ́n. Ọ̀sẹ̀ kejì, Oregon tún fi 39 sí 7 fọ́ wọn. Ohun tí a kò dúró wò ni pé àwọn àgbà yẹn kan náà ló fi 41 sí 35 na Florida ti Tim Tebow, kọ́tàbáàkì wọn tó lókìkí, ní ọjọ́ kìn-ín-ní ọdún 2008. Ẹni tó ti dẹra tán kì í dìde bẹ́ẹ̀. Lónìí n kò lè fọwọ́ sọ̀yà pé mo mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí wọn ní ọjọ́ àkọ́kọ́ yẹn.

Michigan kan náà ló tún kó mi lọ́kàn jọ nígbà tí Blake Corum, Zak Zinter àti Mike Sainristil padà wá lẹ́yìn tí TCU ti fi 51 sí 45 lé wọn nílé ní ìparí 2022. Ìdíje 15 ni wọ́n gbá, wọ́n borí gbogbo rẹ̀, èyí tó kẹ́yìn sì wáyé ní Houston níbí ní ọjọ́ kẹjọ oṣù Kìn-ín-ní 2024, pẹ̀lú 34 sí 13 lórí Washington. Owó tíkẹ́ẹ̀tì kọjá agbára olùkọ́, nítorí náà orí tẹlifíṣọ̀n ni mo ti wò ó, bí ẹni pé ìlú mìíràn ni wọ́n ti ń gbá a. Àwọn ènìyàn sọ pé iṣẹ́ tí wọn kò tíì parí ló lé wọn padà. Bóyá. Àwọn ti 2007 náà ní iṣẹ́ tí wọn kò tíì parí.

Èyí tí ó sún mọ́ mi jù ni ti Olusegun Oluwatimi, nítorí orúkọ rẹ̀, àti nítorí pé orí ìlà ni òun náà wà. Ó ti fìdí múlẹ̀ ní Virginia gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ń ti bọ́ọ̀lù sẹ́yìn fún kọ́tàbáàkì. Ó lè parí rẹ̀ síbẹ̀ ní ìrọ̀rùn. Ní 2022, ó lọ sí Michigan, níbi tó ti ní láti bẹ̀rẹ̀ láti orí kíkọ́ orúkọ ẹni tó dúró ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó sì gba ẹ̀bùn Outland àti ti Rimington, tí wọ́n fi ń yẹ́ àwọn tó dára jù lórí ìlà sí, ní ọdún kan náà. Mo gbà pé ibi tuntun a máa dá ojú ènìyàn padà sí iṣẹ́. Ṣùgbọ́n láti 2021 tí NCAA ti gbà kí agbábọ́ọ̀lù lọ sí yunifásítì mìíràn láìjókòó ọdún kan, tí wọ́n sì tún gbà kí ó máa pa owó lórí orúkọ ara rẹ̀, mo ń rí i pé ìbẹ̀rù ti pọ̀ sí i lára àwọn àgbà, pé ẹnì kan lè ti ibòmíràn wá gba ipò wọn ní ọ̀sẹ̀ kan. Ìbẹ̀rù ló kọ́kọ́ lé èmi náà. Mo mọ bí ó ṣe ń tán.

Ní ti àwọn ọmọ tèmi, mo máa ń fi àgbà kọ̀ọ̀kan ti ọmọ tuntun kan, mo sì máa ń ní kí àgbà náà kọ ohun tí yóò kọ́ ọ sílẹ̀ kí ó tó kọ́ ọ. Àwọn kan ń kọ ìlà mẹ́ta. Ẹnì kan kọ ojú ewé mẹ́rin lọ́dún tó kọjá. Mo tún máa ń gba ọwọ́ ọ̀tún lọ́wọ́ àwọn tí ipò wọn ti dájú jù, pé kí wọ́n lọ gbá ní apá òsì fún ọ̀sẹ̀ méjì, wọ́n sì máa ń ṣubú bí ọmọ tó ń kọ́ ìrìn. Kì í ṣe gbogbo wọn ni ó ń ṣiṣẹ́ fún. Ọmọkùnrin kan bínú lọ ní 2022, n kò sì dá ara mi láre pátápátá lórí rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n bá ń sáré la ibú pápá, n kì í dúró sí àárín níbi tí àwọn akọ́nimọ̀ọ́gbá yòókù ń dúró sí mọ́. Etí ìlà ni mo ń dúró sí, mo ń wo ilẹ̀. Ìgbáradì ọdún yìí bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀. Mo ní àgbà márùn-ún lórí ìlà, méjì nínú wọn ti rí ìwé ìpè láti yunifásítì, mo sì ti ra ẹfun tuntun.